Àǹtí Ẹ-Dúró-Ná àti Láìnì Ilé Wa

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ilé wa máa ń rò pé yẹ̀yẹ́ ni orúkọ tí wọ́n ń pe àbúrò ìyá mi. Yẹ̀yẹ́ kọ́. Láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ló ti ń ṣiṣẹ́, níwájú pátákó ńlá kan tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ àti okùn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bá ará ìlú mìíràn sọ̀rọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹni náà. Á ní, "Ẹ dúró ná, mò ń so yín pọ̀," á fa okùn, á kì í bọ inú ihò, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, òun á sì yọ etí kúrò níbẹ̀. Gbólóhùn yẹn wọ̀ ọ́ lẹ́nu débi pé bí o bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí, ohun tí wàá gbọ́ láti inú nìyẹn. Àdúgbò bá sọ ọ́ ní Àǹtí Ẹ-Dúró-Ná. Èmi ń pè é ní Àǹtí lásán, torí n kò ní èémí tí n ó fi máa pe orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀ láràárọ̀.

Nígbà tí fóònù alágbèéká gbòde, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Wọ́n gbé pátákó jáde bí ẹni gbé bẹ́ẹ̀dì tó ti kán, wọ́n kí àwọn òṣìṣẹ́ pé ẹ kú iṣẹ́, ó parí. Àǹtí bá jókòó sílé. Mo mọ bí ìjókòó náà ṣe rí nítorí èmi ni mò ń bá a gbé. Ẹni tó ti máa ń bá ìlú bíi mẹ́wàá sọ̀rọ̀ kí oòrùn tó mú kò rí ẹnì kankan bá sọ̀rọ̀ mọ́ àfi èmi. Èmi náà sì rèé, bí mo bá ti ilé ìtajà oògùn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dé, ń ṣe ni ohùn ènìyàn máa ń sú mi. Ó ń rù. Ó ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè pa ayọ̀ mi mọ́ra lọ́jọ́ tó pè mí níbi iṣẹ́ pé òun ti rí iṣẹ́ mìíràn.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ló ń wá àwọn tí yóò máa jókòó sílé, tí wọn yóò máa tẹ ohun tí àwọn dókítà bá sọ nípa aláìsàn wọn. Dókítà á sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ohùn náà á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì dé etí Àǹtí, Àǹtí á tẹ̀ ẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, á sì fi ránṣẹ́ padà. Etí tó ti gbọ́ ohùn ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn láàárín ariwo wáyà, kí ni dókítà tó ń sọ̀rọ̀ sínú irùngbọ̀n fẹ́ fi ṣe é? Wọ́n fún un ní kọ̀ǹpútà kékeré kan, wọ́n ní kó wá íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára, ó sì fa láìnì wọ ilé. Báyìí ni Àǹtí tún padà di ẹni tó ń múra láàárọ̀ bí ẹni ń lọ ibi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó ń lọ kò ju ìdí tábìlì lọ. Ara rẹ̀ tún padà bọ̀ sípò.

Ojúlé mẹ́rin ni ilé wa. Àwa méjì la wà lókè. Nísàlẹ̀, Télọ̀ wà níwájú pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ògiri. Ẹni tó wà lẹ́yìn, lábẹ́ yàrá Àǹtí gan-an, Ìyàwó la ń pè é, nítorí òun ló dé ilé náà kẹ́yìn. Atukọ̀ òkun ni ọkọ rẹ̀. Oyún ni ọkùnrin náà fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ. Oyún ti di ọmọ, ọmọ náà sì ti ń gbá ẹsẹ̀ àga mú dìde. Ìgbà tí ọkọ̀ wọn bá dúró ní èbúté kan nìkan ni bàbá máa ń rí ọ̀nà pè, á sì máa wo ọmọ rẹ̀ lójú fóònù.

Lójú Àǹtí, kí òun nìkan máa lo láìnì nínú ilé tí ènìyàn pọ̀ tó báyìí kò bójú mu. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ páásíwọ́ọ̀dù sára ògiri àtẹ̀gùn, gàdàgbà gadagba, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni láti béèrè. Inú bí mi. Mo ní kò sẹ́ni tó ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sára ògiri. Ó bi mí bóyá ògiri ìta ni tàbí ti inú ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí láàárín wa, èmi ni mo máa ń gbà fún un.

Ọjọ́ Ajé kan ni obìnrin tó ń mójú tó ààbò níbi iṣẹ́ rẹ̀ pè é. Mo wà nílé lọ́jọ́ náà, mo sì ń rí ojú Àǹtí bó ṣe ń gbọ́. Obìnrin náà ní láti orí láìnì Àǹtí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà gbájúẹ̀ ti ń jáde lọ káàkiri ayé. Ó ní òun mọ̀ pé Àǹtí kọ́ ló ń kọ wọ́n. Ẹ̀rọ kan tí kòkòrò kọ̀ǹpútà ti wọ̀ ló wà lórí láìnì náà, ẹ̀rọ ọ̀hún sì lè máa yọjú wo iṣẹ́ Àǹtí pàápàá. Ọ̀rọ̀ àṣírí sì ni ọ̀rọ̀ aláìsàn.

Ó ní, "Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá padà yẹ̀ ẹ́ wò, mà. Tó bá ṣì rí báyìí, a ò ní lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín mọ́. Ẹ má bínú."

Kí Àǹtí tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ti mú omi àti àkísà, mo ń lọ sí àtẹ̀gùn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá: kí a pa ohun tó wà lára ògiri rẹ́, kí a yí páásíwọ́ọ̀dù padà, kí oníkálukú lọ wá tirẹ̀. Àǹtí dúró dí mi lọ́nà. Ó ní ta ni kí òun gé, ṣé Hẹdimásítà tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́ kankan ju tẹlifíṣọ̀n lọ ni, àbí Ìyàwó? Mo ní iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun kò ní pàdánù iṣẹ́ náà, òun kò sì ní ti ẹnikẹ́ni síta. Ó tún fi òfin de ẹnu mi: n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ náà fún ará ilé. Ẹ̀rù mi pọ̀. Mo mọ irú ẹni tó máa dà bí wọ́n bá tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tó gbà yọ kò wá sí mi lọ́kàn. Mo ti gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wálé nígbà kan láti ibi iṣẹ́ mi, wọ́n fẹ́ dà á nù. Kò ní iṣẹ́ kankan nílé wa ju kó máa di ilẹ̀kùn ilé ìdáná mú kí atẹ́gùn má gbá a. Àǹtí gbé e, ó nu eruku ara rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ti kà á níbì kan pé ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n bá fi Linux sí lè dúró sí ẹnu ọ̀nà láìnì bí ẹ̀ṣọ́, kó máa wo gbogbo ohun tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Mo bi í pé kí ni Linux. Ó ní ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà ni. Àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí ló jọ kọ ọ́ láti ìlú oríṣiríṣi, wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́. Èyí wú u lórí gan-an. Ó ní òun kò tètè mọ̀ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé.

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti parí iṣẹ́ dókítà, ìdí ẹ̀rọ yẹn ló ń wà. Ohun tí kò bá yé e, á kọ ọ́ síbi tí àwọn tó mọ Linux ti ń dá ara wọn lóhùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò lè béèrè ohunkóhun láìkọ́kọ́ kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà, ilé ńkọ́. Mo fi í ṣe ẹlẹ́yà títí, mo ní àwọn wọ̀nyẹn kò ráyè ìkíni. Àmọ́ wọ́n ń dá a lóhùn. Ẹnì kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àlàáfíà èmi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mò ń bínú.

Nígbà tó yá, mo bá a yá ojú kọ̀ǹpútà kan, ìyẹn mọ́nítọ̀, níbi iṣẹ́ mi, torí ẹ̀rọ àlòkù náà kò ní, ó fi Linux sínú ẹ̀rọ náà, ó sì jí dáadáa. Wáyà kan wọ inú rẹ̀ láti ẹnu láìnì, méjì jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ìkíní nínú àwọn méjèèjì lọ sórí tábìlì Àǹtí nìkan. Ìkejì lọ sínú ráútà tó ń fún gbogbo ilé ní wáífáì. Ọ̀nà iṣẹ́ àti ọ̀nà ilé ti pínyà nìyẹn. Ó wá ku kí ó fún ẹ̀ṣọ́ náà lófin: ta ló lè kọjá, ta ni kò gbọdọ̀ kọjá. Mo dá ojú kọ̀ǹpútà padà síbi tí mo ti yá a, nítorí Àǹtí ní òun lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ òun kí òun máa gba orí wáyà pàṣẹ fún ẹ̀ṣọ́ náà. Òótọ́ sì ni.

Ó di ọ̀sán Ọjọ́rú, ó ku ọ̀túnla kí obìnrin náà padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àǹtí jókòó, ó gbá àwọn ìka rẹ̀ pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nídìí pátákó láyé ọjọ́sí. Níbẹ̀, bí ẹni tó ń gbaṣẹ́ láàárọ̀ bá dé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kó yọ gbogbo okùn tí àwọn ará òru fi há inú ihò, kí pátákó lè mọ́, lẹ́yìn náà ni á wá máa ki tuntun bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ju orí rẹ̀ lọ. Òfin àkọ́kọ́ tó tẹ̀ ni pé kí ẹ̀ṣọ́ ti gbogbo ọ̀nà pa. Ó tún ní kí ẹ̀rọ náà fi òfin yìí sọ́kàn, kódà bí iná bá lọ tó tún dé. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó wá fẹ́ tẹ òfin kejì, pé kí ó ṣí ọ̀nà fún tábìlì òun, ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá yadi. Ó ti ti ilẹ̀kùn tán kó tó rí i pé ìta lòun wà.

Ó bojú wò mí. Mo ń wá ohun tí n ó sọ ni a gbọ́ igbe Ìyàwó nísàlẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló wà lórí fóònù. Ọkọ̀ wọn ti dúró ní èbúté láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní kí ìyàwó òun gbé ọmọ sílẹ̀ kí òun rí bó ṣe ń dìde. Ọmọ ti gbá àga mú, ó ti fi ọwọ́ kan sílẹ̀, ó ń gbèrò àtifi ìkejì sílẹ̀, ni ojú bàbá rẹ̀ bá dúró gbagidi nínú fóònù. Nígbà tí a dé orí àtẹ̀gùn, gbogbo wọn ti jáde. Télọ̀ gbé okùn ìwọnṣọ kọ́ ọrùn, Hẹdimásítà ní bọ́ọ̀lù tí òun ń wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ti gé, Ìyàwó gbé ọmọ lé ẹ̀gbẹ́, omijé ti wà lójú rẹ̀. Wọ́n rò pé ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì ló ṣe é, Télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún wọn.

Àǹtí di irin àtẹ̀gùn mú. Ó ní, "Ẹ má ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo gé e. Mo ti gbogbo yín síta, mo sì ti ara mi síta pẹ̀lú."

Ó wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn: lẹ́tà gbájúẹ̀, obìnrin ibi iṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Ìyàwó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Mọ́mì, ẹ̀ bá ti sọ fún wa. Ǹ bá ti máa lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi láti pe ọkọ mi."

Àǹtí ní, "Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn."

Ojú Télọ̀ kò gbé ilẹ̀ kan mọ́. Níkẹyìn ó jẹ́wọ́ pé àwọn oníbàárà òun ni. Ẹni tó bá wá gba aṣọ tí aṣọ kò sì tíì jáde, òun á ní kó jókòó, òun á ka páásíwọ́ọ̀dù ara ògiri fún un, ẹni náà á tẹjú mọ́ fóònù, kò ní rántí bínú. Mo béèrè pé àwọn mélòó ló ti jókòó báyẹn. Ó ní gbogbo ẹni tí òun ń ránṣọ fún ni. Bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyẹn, ẹ̀rín gbà mí, ìbínú tí mo ti kó jọ láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá sì bá a lọ.

Ẹ̀ṣọ́ kò gbọ́ tẹnikẹ́ni láti orí wáyà mọ́. Ohun tó kù ni kí a rí ojú kọ̀ǹpútà kan so mọ́ ọn, kí Àǹtí lè bá a sọ̀rọ̀ ní tààràtà. Hẹdimásítà ni ó sọ pé ṣé tẹlifíṣọ̀n òun kò lè ṣe é, bọ́ọ̀lù kò kúkú sí níbẹ̀ mọ́. Èmi àti Télọ̀ la gbé ẹ̀rọ náà sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí a so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ohun tí Àǹtí ń tẹ̀ jáde sára ògiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó ìka ọwọ́. Gbogbo ilé jókòó, wọ́n ń wò ó bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá gbóná. Hẹdimásítà kò dákẹ́. Ó ní kò sí lẹ́tà ńlá kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí à ń kọ, ta ló kọ́ àwọn tó ṣe Linux níwèé.

Àǹtí pa òfin tó kọ́kọ́ tẹ̀ rẹ́. Kò tẹ òmíràn. Ó gbé ọwọ́ sórí itan, ó ní òun ti rí ibi tí òun ti ṣìnà. Nídìí pátákó, a kì í yọ okùn kankan láìkọ́kọ́ fi etí sí i. A á béèrè pé ṣé ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀. Bí a bá gbọ́ ohùn, a á fi okùn náà sílẹ̀ títí wọn yóò fi dágbére fúnra wọn. Òun rántí yíyọ okùn, òun gbàgbé fífetísílẹ̀. Ìyàwó ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Òfin tó wá fi ṣáájú ni èyí, ó sì ń ka ìtumọ̀ rẹ̀ síta bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́: ẹni tó bá ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, má ṣe gé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣí ọ̀nà fún tábìlì tirẹ̀. Ó ṣí ọ̀nà fún ilé láti jáde lọ sí gbogbo ayé, ṣùgbọ́n wọn kò lè yà sídìí tábìlì Àǹtí láéláé. Ó ní ẹ̀rọ kankan lọ́nà ilé kò gbọdọ̀ máa da lẹ́tà síta bí ẹni da omi. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ló wá ní kí ẹ̀ṣọ́ ti gbogbo ìyókù. Ó tẹ bọ́tìnnì. Fóònù Télọ̀ ló kọ́kọ́ dún.

Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló fi àkísà nu ògiri àtẹ̀gùn. Àǹtí ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń tẹ páásíwọ́ọ̀dù tuntun sínú fóònù oníkálukú. Nígbà tó kan Télọ̀, ó ní àwọn oníbàárà ńkọ́. Àǹtí ní kó máa parí aṣọ wọn lọ́jọ́ tó bá dá. Ìyàwó pe ọkọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pè é lọ́jọ́ kejì, kò wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ wọn máa tún kúrò ní èbúté. Àǹtí bi mí léraléra bóyá òfin òun ló ń dí i lọ́nà. N kò mọ̀, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo jókòó ti Àǹtí. Obìnrin náà pè lẹ́yìn ọ̀sán. À ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnnì lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní òun kò rí lẹ́tà gbájúẹ̀ kankan láti Ọjọ́rú, òun kò sì rí ju ẹ̀rọ kan lọ níbi tí iṣẹ́ ń gbà. Ó bi í bóyá ó ti yọ àwọn yòókù kúrò lórí láìnì rẹ̀. Mo ń mi orí sí Àǹtí kíkankíkan pé kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ tán.

Àǹtí ní, "Rárá o. Gbogbo wọn ṣì wà níbẹ̀, ojúlé mẹ́rin. Mi ò lè yọ wọ́n. Ọ̀nà tiwọn ló yàtọ̀ sí tèmi."

Obìnrin náà ní kó ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Àǹtí ka àwọn òfin náà fún un láti orí dé ìdí, obìnrin náà ń béèrè, Àǹtí ń dáhùn, èyí tí kò mọ̀ ó ní òun kò mọ̀. Lẹ́yìn náà obìnrin yẹn tún ń tẹ bọ́tìnnì. Mo di etí aṣọ mi mú.

Ó ní, "Ó dára, mà. Kò sí ohun tó dí yín lọ́wọ́. Mo ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ báyìí."

N kò mọ ìgbà tí mo dì mọ́ Àǹtí. Òun kò tíì dì mọ́ mi. Ó jáde lọ sórí àtẹ̀gùn, ó ní kí Ìyàwó tún pe ọkọ rẹ̀ wò. Ó padà wá jókòó, ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí etí kan, ó fi ìkejì sílẹ̀ lásán, ohùn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìka rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ ohùn ọkùnrin lábẹ́ wa. Ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní àpètúnpè, ó ní máa bọ̀, máa bọ̀, bí ẹni tí ọmọ náà lè bá lórí omi. Lẹ́ẹ̀kan náà, Ìyàwó hó, Télọ̀ hó, Hẹdimásítà ń kà á bí ọmọ ṣe ń gbé ẹsẹ̀, bàbá náà kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹkún ló ń sun.

Mo rò pé ariwo náà á da Àǹtí láàmú. Mo dìde, mo ní kí n bá a ti fèrèsé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́ tó fi ń tẹ̀wé, kò nù ún, kò sì dúró.

Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Mò ń gbọ́ àwọn méjèèjì."